Ìró Inú iPod: Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Ń Ṣe Háàdì Díráìfù Rẹ̀

Ẹ̀rọ orin àgbékiri tó ń lo háàdì díráìfù kì í dákẹ́ pátápátá. Àwo róbótó kan tàbí méjì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi èròjà mágínẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín bò, tí ẹ́ńjìnnì kékeré kan sì ń yí. Nínú ọ̀pọ̀ iPod, àwo yìí ń yí ní ìgbà 4,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá ń yí tó báyìí, kò sí bí kò ṣe ní dún. Dídún nìkan kọ́ ni àìsàn. Ìgbà tó ń dún, bó ṣe ń tún un dún, àti iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó dún ni olùtúnṣe fi ń mọ̀ bóyá ara rẹ̀ dá tàbí ó ti ń lọ.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò pẹ́ púpọ̀ lórí àtẹ. PJB-100 ló dé ọjà ní ọdún 1999 pẹ̀lú àyè 4.8GB, Nomad Jukebox ti ilé iṣẹ́ Creative sì tẹ̀lé e ní ọdún 2000 pẹ̀lú 6GB. Díráìfù oní-ínǹṣì 2.5, irú èyí tó ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, ni wọ́n kì bọ inú wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tóbi ju ohun tí àpò ṣòkòtò lè gbà lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2001, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Toshiba fi díráìfù oní-ínǹṣì 1.8 kan han Jon Rubinstein ti Apple ní ilẹ̀ Japan. Àwọn fúnra wọn kò tíì rí ohun tí wọn yóò fi ṣe. Rubinstein rí i lójú ẹsẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Steve Jobs gbé iPod àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú àyè 5GB. iPod mini dé ní ọdún 2004 pẹ̀lú díráìfù Microdrive oní-ínǹṣì 1, Zune ti Microsoft dé ní 2006 pẹ̀lú 30GB. iPod classic, tí Apple dẹ́kun títà rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ni ó kẹ́yìn nínú àwọn iPod oní-díráìfù. Kò sí èyí tó kéré lọ́jọ́ orí nínú wọn mọ́, ọ̀pọ̀ tó ṣì ń kọrin lónìí sì ń lo díráìfù tí wọ́n bí mọ́ ọn.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà tiẹ̀ ní díráìfù nínú. iPod shuffle, iPod nano àti iPod touch kò ní ohun kankan tó ń yí. Mẹ́mórì fíláàṣì ni wọ́n ń lo. Bí nano bá ń dún kẹ́kẹ́, ẹni tó bá ń wá díráìfù inú rẹ̀ ń wá ohun tí kò sọnù.

Bí díráìfù bá wà, ìró tó yẹ kó máa jáde kò le. Bí èèyàn bá tẹ orin kan, tó sì gbé ẹ̀yìn iPod mọ́ etí, yóò gbọ́ “ṣìììì” fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí àwo ṣe ń gbéra, yóò gbọ́ “tẹ́” kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ìró wẹ́wẹ́ bíi kí kòkòrò máa rìn lórí bébà. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, “tẹ́” mìíràn á dún, gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́, orin á sì máa lọ ní tirẹ̀. Àwo tó bá ń yí láìsinmi yóò jẹ bátìrì tán kíá. Nítorí náà ni iPod ṣe máa ń sáré ka orin tó ń bọ̀ lọ́nà sínú mẹ́mórì kékeré kan, tí á wá jẹ́ kí díráìfù lọ sùn. Ti iPod àkọ́kọ́ jẹ́ 32MB, ó sì tó orin bí ogún ìṣẹ́jú.

Èyí ló fà á tí ẹni tó kó orin WAV sínú ẹ̀rọ rẹ̀ fi máa ń rò pé díráìfù òun ti ń kú nígbà tí kò sí ohun tó ṣe é. Orin MP3 oní-128 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá ń gba nǹkan bíi 1MB fún ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n WAV tí a tú láti inú CD ń gba nǹkan bíi 10MB. 32MB yóò tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, àwo yóò sì tún gbéra. Ẹni tó ń fò láti orin kan sí òmíràn kò jẹ́ kó sinmi bákan náà. Kí a tó dá díráìfù lẹ́bi, ó yẹ kí a fi orin MP3 kúkúrú dán an wò, kí a má fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a wá tẹ́tí.

Àwọn ìró kan wà tí kì í ṣe ti díráìfù rárá. Nínú ọ̀pọ̀ iPod ni ohun èlò kékeré kan wà tó ń dún “tẹ́-tẹ́-tẹ́” bí ìka bá ń yí kiri lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wọ Settings, tó sì pa Clicker, kò ní gbọ́ ọ mọ́. Òmíràn ni híhan tó ń gba inú íápíìsì wọlé nígbà tí àwo bá ń gbéra. Iná tí díráìfù fà lójijì ló ń kọjá sínú ọ̀nà ohùn. Bí a bá yọ íápíìsì, tí a gbé ẹ̀yìn ẹ̀rọ mọ́ etí, tí a kò sì gbọ́ nǹkan kan, díráìfù ṣì ń bẹ ní àlàáfíà. Ẹ̀kẹta ni ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ tí ẹ̀rọ ń dún bí a bá mì ín nígbà tó wà ní pípa. Rọ́bà ni wọ́n fi di díráìfù mú nínú àgọ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti ṣí i rí, tí kò dá rọ́bà yìí padà sí ààyè rẹ̀, díráìfù yóò máa gbá ara mọ́ irin ẹ̀yìn. Àtúnṣe ìyẹn kò lé ní ìṣẹ́jú mélòó kan lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ bí ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ náà bá ti inú díráìfù fúnra rẹ̀ wá, nǹkan ti já níbẹ̀, ó sì parí.

Ìró tó ń dẹ́rù bani jù ni “kẹ́… kẹ́… kẹ́…”, tó ń tún ara rẹ̀ sọ lórí ìlù kan náà, tí orin kò sì wọlé. Láti lóye rẹ̀, a ní láti mọ bí àwo yìí ṣe ń di kíkà. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gírámófóònù àtijọ́ máa ń fara kan àwo orin ni. Orí akàwé inú háàdì díráìfù kò gbọ́dọ̀ fara kan tirẹ̀ láé. Afẹ́fẹ́ tí yíyí àwo ń dá sílẹ̀ ló gbé e dúró, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì tó ohun tí ojú lè rí: irun orí èèyàn kan nípọn jù ú lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Nítorí pé afẹ́fẹ́ ló gbé e ró, Apple kọ ọ́ sínú ìwé ìlò iPod pé kí a má lò ó níbi tó ga ju mítà 3,000 lọ. Kò sí òkè nílẹ̀ Yorùbá tó sún mọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n ará ìlú La Paz ní Bòlífíà ti wà lókè ààlà náà kó tó jí láàárọ̀.

Nígbà tí kò bá sí iṣẹ́, apá tó gbé orí náà á fà á padà sórí pèpéle kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. “Tẹ́” tí a ń gbọ́ nígbà ìbẹ̀rẹ̀ àti nígbà ìparí ni ìró gígun àti sísọ̀ yẹn. Bí orí bá sọ̀ kalẹ̀ sórí àwo, ohun tó kọ́kọ́ ń wá ni àwọn àmì tí ilé iṣẹ́ ti kọ sójú àwo láti fi tọ́ ọ sọ́nà. Bí kò bá rí wọn kà, díráìfù á fà á padà sórí pèpéle, á tún rán an lọ, á tún fà á padà. Kẹ́ kan fún ìgbìyànjú kan. Lẹ́yìn tó bá ti gbìyànjú tó bó ṣe mọ, á jáwọ́, iPod á sì gbé àwòrán ìbànújẹ́ rẹ̀ jáde: fódà tó ní àmì ìyanu lára, iPod olójú ẹkún, tàbí X pupa lórí àwọn classic.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a gbọ́ “kẹ́… kẹ́…” kí a sì sọ pé orí ti bàjẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí àwo ń gbéra ni díráìfù ń fa iná jù, bátìrì tó ti darúgbó kì í sì lè gbé e. Agbára iná á já wálẹ̀, díráìfù á sáré kó orí rẹ̀ padà kó má baà jábọ́ sórí àwo, bátìrì á mí díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Ìró rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti orí tó bàjẹ́. Ohun tó ń yà wọ́n ni ṣájà. Kí a so iPod mọ́ ṣájà tó ń gba iná lára ògiri, kì í ṣe ihò USB kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kéré, kí a fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, kí a sì tún un tan láì yọ wáyà. Bí ìró bá pòórá nígbà tó wà lórí iná, tó sì padà nígbà tí a yọ ọ́, bátìrì ni ká pààrọ̀. Owó bátìrì kéré gan-an sí ti díráìfù, ó sì ya ni lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń fo ìdánwò yìí.

Wáyà pẹlẹbẹ tó so díráìfù mọ́ pátákó ẹ̀rọ ni afurasí kejì. Bí iPod bá ti já bọ́ lulẹ̀ rí, wáyà yẹn lè tú díẹ̀ lẹ́nu ibi tó ti wọlé, kó máa kàn, kó máa jìnnà. Àmì rẹ̀ ni pé ìró náà máa ń wá, ó máa ń lọ, pàápàá bí a bá tẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ díẹ̀ tàbí tí a yí i sí ẹ̀gbẹ́. Díráìfù tí orí rẹ̀ ti bàjẹ́ kì í wo ẹ̀gbẹ́ tí a dojú rẹ̀ kọ.

Híha ni ìró tí kò ní àríyànjiyàn. Bí ohun tó ń jáde bá jẹ́ ti irin tó ń ha irin, orí ti fara kan àwo, ó sì ń họ èròjà mágínẹ́ẹ̀tì tí orin wà nínú rẹ̀. Eruku tó ń họ jáde náà á tún máa há sí àárín orí àti àwo, á máa dá ọgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Kí a pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Kí a má tún un tan láti “gbọ́ ọ dáadáa”, nítorí gbígbọ́ yẹn ni ń ba ìyókù jẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé “kíún… kíún…” tẹ́ẹ́rẹ́ ni à ń gbọ́, láìsí ìró yíyí kankan, ẹ́ńjìnnì fẹ́ yí àwo, kò sì rí i yí, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé orí ti lẹ̀ mọ́ àwo lẹ́yìn ìṣubú. Ariwo híhan tó ń pọ̀ sí i láti oṣù dé oṣù, nígbà tí orin ṣì ń kọ, jẹ́ ti ojú ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí. Ó lè pẹ́ kó tó pa á.

Níwọ̀n ìgbà tí díráìfù bá ṣì ń kà, kíkó orin jáde ló ṣáájú àyẹ̀wò èyíkéyìí. Àyẹ̀wò máa ń mú díráìfù ṣiṣẹ́ púpọ̀, aláìsàn kan sì lè má yè é. Lórí iPod oní-kẹ̀kẹ́-ìtẹ̀ láti ìran kẹrin wá, a ó ti Hold sọ́tùn-ún sósì lẹ́ẹ̀kan, a ó di Menu àti bọ́tìnì àárín mú pọ̀ títí àmì Apple yóò fi hàn, a ó sì yára di bọ́tìnì àárín àti Play mú. Ẹ̀rọ á wọ ipò tí kọ̀ǹpútà yóò ti rí i bíi díráìfù lásán. Ẹni tó bá ṣí i tí kò rí orin kankan kò gbọdọ̀ bẹ̀rù, Apple ló fi wọ́n pamọ́. Bí a bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi àwọn fáìlì tó sápamọ́ hàn, a ó rí fódà iPod_Control, Music wà nínú rẹ̀, nínú Music ni F00, F01, F02 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ wà. Orúkọ orin ibẹ̀ jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin tí kò nítumọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ gidi, ti akọrin àti ti àwo orin wà nínú fáìlì fúnra rẹ̀. Bí a bá kó wọn sínú iTunes tàbí ètò orin mìíràn, yóò tò wọ́n bó ṣe yẹ. Ó dára kí a máa kó wọn ní fódà kan lẹ́yìn òmíràn. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fáìlì kan ṣoṣo tí kò ṣeé kà lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró.

Lẹ́yìn èyí ni a tó lè bi díráìfù fúnra rẹ̀ léèrè bí ara ṣe rí. iPod ìran karùn-ún àti classic ní yàrá àyẹ̀wò kan tí wọ́n kò kọ sínú ìwé ìlò. Ọ̀nà rẹ̀ jọ ti ìṣáájú, àyàfi pé nígbà tí àmì Apple bá hàn, bọ́tìnì àárín àti ti ìpadàsẹ́yìn ni a ó dì mú. Ojú ẹ̀rọ á yí padà sí àkọlé aláìlọ́ṣọ̀ọ́. A ó wọ IO, a ó wọ HardDrive, lẹ́yìn náà HDSMARTData. Àwọn nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni àkọsílẹ̀ tí díráìfù ti ń ṣe nípa ara rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé: iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, iye ìgbà tó ti gbéra, ooru tó mú un jù. Méjì ló ṣe pàtàkì. Reallocs ni iye ojú ibi tí àwo ti bàjẹ́, tí díráìfù sì ti fi èyí tó ní nípamọ́ rọ́pò. Pending Sectors ni iye ojú ibi tó ṣòro láti kà, tí kò tíì pinnu ohun tí yóò ṣe sí.

Òdo nínú méjèèjì dára jù. Reallocs mélòó kan lára díráìfù tó ti lo ọdún mẹ́wàá kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ sunkún, bí nọ́ńbà náà kò bá kúrò níbi tó wà. Nítorí náà, kíkà kan kò tó. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a lo ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a tún wò ó. Díráìfù tí nọ́ńbà rẹ̀ ń gòkè ń kú lọ, ì báà tilẹ̀ má tíì máa dún. Bí Pending bá ti wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kò sí ìtọ́jú tó kù ju pípààrọ̀ lọ.

Bí Reallocs bá kéré ṣùgbọ́n tí orin kan pàtó máa ń mú “kẹ́” wá, tí ẹ̀rọ sì ń fo orin náà, fáìlì tàbí ojú ibi tó jókòó sí ló ṣeé ṣe kó bàjẹ́. Ní Windows, chkdsk pẹ̀lú /r yóò yẹ ojú àwo wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sì sàmì sí ibi tí kò dára. Fífọ díráìfù (format) ní kíkún, èyí tó ń gba wákàtí púpọ̀, ṣàǹfààní ju ti ìṣẹ́jú kan lọ, nítorí pé ti kíákíá kì í fọwọ́ kan púpọ̀ lára àwo. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Restore láti inú iTunes, tí yóò dá ètò ẹ̀rọ padà. Àtúnṣe ojú àwo ni gbogbo èyí. Kò lè wo orí tó ti tẹ̀ sàn.

Àwọn ètùtù kan wà tí àwọn onílò ń sọ fún ara wọn. Gbígbá iPod lẹ́yìn pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ ti jí díráìfù tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ rí, ó sì ti fọ́ èyí tó ṣì ní ẹ̀mí. Àlùbáríkà rẹ̀ kì í pẹ́. Ẹni tó bá gbá a tó sì jí gbọ́dọ̀ kó orin rẹ̀ jáde ní wákàtí yẹn. Kíká káàdì bébà sí àárín díráìfù àti irin ẹ̀yìn ní ọgbọ́n díẹ̀ nínú, nítorí ó ń tẹ wáyà tó tú mọ́ ibi tó yẹ. Bí ó bá ṣiṣẹ́, ó ti fi hàn pé wáyà ni ọ̀ràn náà, kí a sì tún un kì bọlé dáadáa. Ṣùgbọ́n gbígbé e sínú fìríìsà kò dára rárá. Nínú afẹ́fẹ́ tútù-rinrin bíi ti Èkó tàbí Kútọnu, omi yóò sẹ̀ sára rẹ̀ bí a bá ti gbé e jáde, omi lójú àwo sì ni òpin rẹ̀. Ooru náà ní tirẹ̀. Apple fi ìwọ̀n ooru tí a lè lo iPod dé sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius; iwájú ọkọ̀ tí a pa sí oòrùn ọ̀sán ń ré kọjá ìyẹn kíákíá.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i kó rántí pé ìran karùn-ún àti classic kò ní ìdè lóde. Ìkọ́ inú ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, ti classic sì le ju ti ìran karùn-ún lọ. Ike pẹlẹbẹ ni ká fi ṣí i díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti ṣí, kí a má fa méjèèjì yà gbagada: wáyà bátìrì àti ti ihò íápíìsì so mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé. Ìkánjú níbí yìí ti ba iPod jẹ́ ju ìṣubú lọ. A ó tú wáyà díráìfù, a ó wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó ti ṣẹ́, a ó sì tì í padà kó jókòó gún. Díráìfù fúnra rẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ ṣí. Ẹyọ eruku kan tóbi ju àlàfo tí orí ń fò lé lọ, àwọn tó ń gba fáìlì lọ́wọ́ díráìfù tó ti kú sì ń ṣe é nínú yàrá tí wọ́n ti sẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀. Owó wọn pọ̀. Orin tí a lè rí rà tàbí rí tú láti inú CD kò tó o, ohùn òbí tó ti lọ tàbí àwòrán ìgbéyàwó lè tó o.

Pípààrọ̀ ni ó kù. Díráìfù oní-ínǹṣì 1.8 kò wọ́pọ̀ mọ́, èyí tí a bá sì rí rà lè ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ó dára kí a ka Reallocs rẹ̀ kí owó tó jáde lápò. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ṣe báyìí ni kí wọ́n fi mẹ́mórì káàdì rọ́pò rẹ̀ nípasẹ̀ pátákó kékeré kan bíi iFlash, tó ń gba káàdì SD tàbí microSD kan títí dé mẹ́rin. Ti iPod mini rọrùn jù: káàdì CompactFlash wọ ibi tí Microdrive wà láìlo pátákó kankan, nítorí ihò kan náà ni wọ́n ń lò. Kò sí ohun tó ń yí mọ́, kò sí ohun tó ń fa iná láti gbéra, bátìrì sì ń pẹ́ sí i. Lẹ́yìn tí káàdì bá ti wọlé, Restore kan láti inú iTunes ni yóò kọ ètò ẹ̀rọ sí i. Lórí Windows, FAT32 ni yóò fi tò ó, kọ̀ǹpútà Mac náà sì lè ka ìyẹn. Èyí tí Mac bá tò ní ọ̀nà tirẹ̀ ni Windows kì í rí kà. Díráìfù àtijọ́ ṣì ní ohun tí a kó sínú rẹ̀ lójú àwo, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ ti kú, nítorí náà kí a má tà á mọ́ irin àlòkù bí ìwé tàbí àwòrán ara ẹni bá wà níbẹ̀, àyàfi tí a bá ti fọ́ àwo náà.